Ìyá Lẹ́tà àti Àpótí Àwọn Afàdúràjagun

Ta ló gbàdúrà tí ìyàwó mi fi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù? Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò lè dáhùn. Ẹni tó gbọ́ àdúrà náà, mo mọ̀ ọ́n, àbí kí n sọ pé mo máa ń tètè sọ pé mo mọ̀ ọ́n kí ọkàn mi tó bi mí ní nǹkan mìíràn. Ẹni tó gbà á ni mi ò rí. Obìnrin tó gbé ìbéèrè yìí kọ́ mi lọ́rùn kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe jẹ́jẹ́, òun gan-an ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìyàwó àbúrò mi ni. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ìyá Lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó rí i rí kó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn, ìyẹn ímeèlì, kúrò nínú àpótí àtijọ́ bọ́ sínú tuntun. Ilé iṣẹ́ tó bá pa ètò kọ̀mpútà àtijọ́ tì, tó ra òmíràn, tí òmíràn ọ̀hún kò sì gbọ́ èdè ti àkọ́kọ́, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ẹni tó ń bá ayálégbé kẹ́rù, àfi pé ẹrù tirẹ̀ fúyẹ́, ẹ̀bi rẹ̀ ló máa ń wúwo. Bó bá kó o dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wá. Bí abẹ́rẹ́ kan bá sọnù, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ pè.

Akọ̀wé ni tẹ́lẹ̀ ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ kọ̀mpútà níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa ṣí àwọn lẹ́tà àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa dà wọ́n kọ sínú tuntun. Ó ṣe é títí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Ló bá lọ jókòó ti ẹni tó ń tún kọ̀mpútà wọn ṣe, ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi kọ́ ọ bí ètò kan ṣe lè ṣe gbogbo rẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ó ṣe é, ó parí. Ọ̀gá kí i kú iṣẹ́, ó yìn ín níwájú gbogbo èèyàn, ó sì ní kó máa lọ sílé rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe lọ́dún yẹn ti tán.

Yàrá iwájú ilé wọn ló wá sọ di ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì kan wà lábẹ́ fèrèsé, kọ̀mpútà méjì kọ ẹ̀yìn síra lórí rẹ̀ bí ọkọ àti aya tó ń bínú, wáyà kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Fáànù kékeré tó wà níbẹ̀, ara kọ̀mpútà ló ń fẹ́ sí. Bí àlejò bá ní ooru ń mú òun, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn wọ̀nyí ni kò gbọdọ̀ gbóná."

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló le nínú kí èèyàn kó nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn.

Ó ní, "Tíṣà, àpótí àtijọ́ dà bí okùn gígùn kan. Gbogbo lẹ́tà so mọ́ra wọn nínú fáìlì kan ṣoṣo, orí ti òní so mọ́ ìdí ti àná. Àpótí tuntun kì í gba okùn. Ó fẹ́ kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú fáìlì tirẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Èmi ni mo máa gé okùn náà níbi tó yẹ."

"Kí ló wá le níbẹ̀?"

"Níbi tó yẹ yẹn ni."

Ohun kejì tó tún sọ fún mi ni ọ̀rọ̀ àmì. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀: wọ́n ti kà á, wọn ò tíì kà á, wọ́n ti fèsì. Nínú okùn àtijọ́, àmì yẹn wà lórí lẹ́tà. Nínú àpótí tuntun, ara orúkọ fáìlì ló ń wà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í da ara wọn láàmú nítorí rẹ̀. Wọ́n á kó lẹ́tà tán, wọ́n á lu gbogbo rẹ̀ ní àmì kíkà, oníbàárà á rí i pé ibi gbogbo mọ́ tónítóní, á dúpẹ́. Ìyá Lẹ́tà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe bá àmì ló ṣe ń gbé e. Ó ní òun kò lè máa fi ojú ẹlòmíràn kàwé.

Ó ń bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Ìlà tó kẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ló ń jókòó sí, oorun á sì ti gbé e lọ kí a tó kọ orin kejì tán. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, ojú máa ń tì mí. Mo bá a sọ ọ́ títí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sùn síbi tí àlàáfíà wà." 

Nígbà tí ìjọ wa fẹ́ kó ímeèlì rẹ̀ bọ́ sínú àpótí tuntun, èmi ni mo dárúkọ rẹ̀ fún Pásítọ̀. Pásítọ̀ wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tó lè fara da ohun gbogbo láyé yìí àfi asọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní bí iṣẹ́ náà bá dára, àwọn ìgbìmọ̀ láti olú ìjọ á wá wò ó lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á sì gbé àpótí gbogbo ẹ̀ka tó kù lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko nìyẹn, ó tún lé. Àbúrò mi, ọkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti kógbá wọlé láti ìgbà òjò tó kọjá. Ojú gbogbo wọn nínú ilé yẹn wà lára iṣẹ́ náà bí ojú ọmọ lára ìkòkò tó ń hó.

Ẹrù tó pọ̀ jù nínú àpótí ìjọ ni fódà Ẹgbẹ́ Afàdúràjagun. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ìkéde wọn sára ògiri lẹ́yìn pẹpẹ: Kọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ ránṣẹ́ sí wa. Kò sí èyí tí a kì í kà. Kò sí èyí tí a kì í jà fún. Olórí wọn ni ọkùnrin kan tó ń ṣe ilẹ̀kùn onírin, ara gìrìwò, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gágun. Bó bá di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ẹ̀rọ náà ló máa ń bẹ̀bẹ̀.

Ìyá Lẹ́tà kó ẹrù náà lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó parí, ó kà wọ́n, bó ṣe máa ń ṣe, ó sì rí i pé lẹ́tà tó wà nínú tuntun pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Kí lẹ́tà dín, ìyẹn yé e. Kí lẹ́tà máa bímọ lójú ọ̀nà ni kò rí rí. Ó wò ó títí ó fi rí ìdí rẹ̀. Nínú okùn àtijọ́, ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, From, ìyẹn "láti ọ̀dọ̀", òun ló ń sọ fún ètò pé lẹ́tà mìíràn bẹ̀rẹ̀ níbí, gé e. Ọ̀gágun ní tirẹ̀ kì í fi orúkọ lásán parí lẹ́tà. Ìlà tó máa ń kọ sísàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni From the Battlefield, Your General, ìyẹn "Láti ojú ogun, Ọ̀gágun yín". Ọ̀bẹ ètò rí ìlà yẹn, kò mọ ọ̀gá, ó gé e. Gbogbo lẹ́tà Ọ̀gágun di méjì: ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní orúkọ, èkejì jẹ́ orúkọ tí kò ní ọ̀rọ̀. Oyè Ọ̀gágun kún inú àpótí tuntun bámúbámú, kò sì sọ nǹkan kan.

Ìyá Lẹ́tà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Tíṣà, ẹ wá wo nǹkan! Mo ti yọ ọ̀rọ̀ kúrò lára rẹ̀, ó ṣì ń kọ̀wé!"

Ó tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n Ọ̀gágun ti rí i lórí fóònù rẹ̀. Káàkiri ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pariwo pé obìnrin kan ti gé òun lórí.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ẹ̀rín ni à bá fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pásítọ̀ ṣí àpótí tuntun, ó rí iye kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà àwọn afàdúràjagun. Ètò àtijọ́ kì í fi iye yẹn hàn, èyí tuntun ń fi í hàn gàdàgbà. Ohun tó ń sọ ni pé lẹ́tà ẹ̀dùn ọkàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí.

Pásítọ̀ pe ìpàdé lọ́jọ́rú, ní ọ́fíìsì ìjọ. Yàrá tóóró kan ni, àga onírọ́bà tò dé òkè àjà ní igun kan, kọ̀mpútà àtijọ́ náà ṣì wà lórí tábìlì, ó ń kùn. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀.

Pásítọ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìfẹ́ sọ ọ́."

"Ìfẹ́ náà ni mo fi fẹ́ sọ ọ́, Pásítọ̀!" Ọ̀gágun ti dìde. "Arábìnrin yìí ti ba àpótí wa jẹ́. Lẹ́tà tí a fi omijé kà, ó ti sọ wọ́n di àìkà. Ẹni tó bẹ́ mi lórí lọ́jọ́ Ajé, kí ni kò ní lè ṣe lọ́jọ́rú?"

Ìyá Lẹ́tà ní, "Ti orí yẹn, ẹ̀bi mi ni, sà. Mo gé e níbi tí kò yẹ, mo sì ti so ó padà. Èyí kọ́. Bí mo ṣe bá a ni mo ṣe gbé e."

"Bó o ṣe bá a kẹ̀! Ṣé a ò kàwé ni? Ta ló ka lẹ́tà ìyàwó Tíṣà nígbà tó wà ní ọsibítù? Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀! Ṣé kì í ṣe iwájú gbogbo ìjọ lẹ ti jẹ́rìí pé àdúrà wa ló gbé e dìde?"

Mo ní, "Mo jẹ́rìí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ọ o! Ṣé èèyàn á jagun tí wọn ò tíì pè é sí?"

Òótọ́ ni mo jẹ́rìí. Mo ṣì rántí bí Ọ̀gágun ṣe dìde lọ́jọ́ náà, tó na ọwọ́ sókè kí gbogbo ìjọ lè rí ẹni tó ni iṣẹ́ ìyanu.

Ìyá Lẹ́tà yí sí kọ̀mpútà àtijọ́. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó wo ojú mi, ó sì gbé ọwọ́ kúrò.

"Mi ò ní nǹkan kan láti sọ sí ìyẹn, sà."

Èmi rò pé ẹ̀bi ló mú un. Pásítọ̀ náà rò bẹ́ẹ̀, ara sì tù ú. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé kò sí bọ́tìnì kan tó o lè tẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ di kíkà?"

"Ó wà, sà."

"Ṣé ó le ni?"

"Kò le rárá. Ẹ ò ní tíì sín tán."

"Ó dáa náà. Tẹ̀ ẹ́ kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Ìgbìmọ̀ á wò ó, á dùn mọ́ wọn, iṣẹ́ á bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, àlàáfíà á jọba."

"Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Pásítọ̀ wo ilẹ̀. "Kí ni mo tún fẹ́ sọ fún wọn, ju pé iṣẹ́ náà kò pé?"

"Àmín," ni Ọ̀gágun dáhùn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbàdúrà.

Lọ́jọ́ kejì mo gba ilé wọn lọ. Ìyá Lẹ́tà ń fi àkísà nu ẹ̀yìn kọ̀mpútà, ó ń nu ibi tó ti mọ́.

Mo ní, "Kí ló dé tó o wò mí lánàá?"

"Ta ló wò yín? Ojú mi ni mò ń fún ní ìsinmi."

"Ìwọ yìí."

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ara ìyàwó yín ti yá, àdúpẹ́ ni. Kí lẹ tún ń wá?"

"Òótọ́ ni mò ń wá."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin onígbàgbọ́ yìí, ẹ ò mọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti dákẹ́."

Ló bá yí ojú kọ̀mpútà sí mi. Kò ṣí lẹ́tà náà. Ìlà kan ṣoṣo ló fi hàn mí, bó ṣe wà nínú àpótí àtijọ́, kí ọ̀bẹ rẹ̀ tó kàn án: orúkọ mi, àti àkọlé tí mo tẹ̀ ní ọsibítù, Ẹ gbà mí, ìyàwó mi ń lọ. Lẹ́tà tí wọ́n bá ti kà máa ń tín-ín-rín lójú kọ̀mpútà. Èyí tí wọn ò kà máa ń nípọn, á dúdú. Tèmi nípọn, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo ní, "Bóyá àmì rẹ̀ ló bọ́."

"Mo kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀." Ó ṣí fódà tó wà lókè rẹ̀, ti àwọn tó ń yá àga ìjọ. Gbogbo rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n kà á, wọ́n fèsì. Ó ṣí ti fọ́tò ọjọ́ ìrántí, wọ́n ti kà á. Ó ṣí ti àwọn tó ń bèèrè irú ilẹ̀kùn onírin tí Ọ̀gágun ń ṣe, wọ́n kà á, wọ́n fèsì lọ́jọ́ kan náà. "Àmì kì í mọ fódà tó yẹ kó ti bọ́, Tíṣà."

Mo jókòó. Lọ́jọ́ yẹn ní ọsibítù, èmi fúnra mi kò rí àdúrà gbà. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ohun tí mo fi ń kọ́ èèyàn sá lọ. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbà lè gbà á fún mi. Wọn ò gbà á. Èmi náà ò gbà á. Ìyàwó mi sì dìde, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Ẹnìkan lè sọ pé èyí gan-an ló tóbi jù, pé Ọlọ́run kì í dúró de alágbàwí kó tó ṣàánú. Mo ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè sọ nǹkan mìíràn pẹ̀lú, pé bóyá kò sẹ́ni tó ń gbọ́ rárá, ohùn tèmi ni ẹni yẹn sì máa ń fi sọ ọ́.

Mo ní, "Tẹ bọ́tìnì yẹn."

"Ẹ̀yin náà, Tíṣà?"

"Ọkọ rẹ wà nílé láìníṣẹ́. Tẹ̀ ẹ́ jàre."

Bí ẹni pé àbúrò mi gbọ́, ó kígbe láti yàrá ẹ̀yìn, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ o! Kó tẹ̀ ẹ́, kò ní jẹ ẹ́ lọ́wọ́!"

"Gbájú mọ́ iṣẹ́ tìẹ!" ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

"Èwo ni iṣẹ́ tèmi?"



Ìyá Lẹ́tà rọra sọ̀rọ̀, kí ọkọ rẹ̀ má bàa gbọ́. "Tíṣà, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ wà níbẹ̀. Èmi kì í ṣí lẹ́tà onílẹ́tà, ṣùgbọ́n mò ń rí àkọlé wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń dúró. Bó ṣe nípọn yìí, ó ṣì ń pariwo, ẹni tó bá kọjá lè gbọ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó máa tín-ín-rín, á dákẹ́, kò sì ní sẹ́ni tó máa wá a mọ́ láéláé. Iṣẹ́ mi ni pé kí n kẹ́rù. Mi ò lè kẹ́rù kí n tún búra fún onílé pé àlejò tó ti ń kanlẹ̀kùn láti àná ti wọlé."

"Kí lo fẹ́ ṣe? Ọjọ́ Ìsinmi ti dé tán."

"Kò tíì dé."

Ó fa àga kejì sún mọ́ tábìlì, ó fi àkísà nù ún. Ó yí fáànù kúrò lára kọ̀mpútà, ó kọjú rẹ̀ sí ibi àga náà. Mi ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn rí.

"Ẹ ṣe mí lóore kan," ló wí. "Bí wọ́n bá ka àwọn lẹ́tà yìí ní tòótọ́, àmì wọn á yí padà fúnra rẹ̀. Èmi ò lè kà á, kò sí àṣẹ fún mi, ẹ sì mọ̀ pé bí àdúrà bá kàn mí, oorun á gbé mi lọ. Mo pe Pásítọ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ní ọmọ ẹgbẹ́ afàdúràjagun nìkan ló láṣẹ láti ṣí wọn, àti pé ẹgbẹ́ náà ń wá èèyàn."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo dárúkọ yín." Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. "Wọn ò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ o, Tíṣà. Ó kù kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un. Ẹ bá mi wọ ẹgbẹ́ náà, títí di ọjọ́ Ìsinmi péré. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ti dúró pẹ́ jù. Ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó ṣí òmíràn. Èyí tẹ́ ẹ bá rí àdúrà gbà sí, ẹ gbà á. Èyí tẹ́ ò bá rí gbà, ẹ ṣáà ti kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà fo ìkankan."